Owó Àìsàn Tí A Ò Tíì Ṣe

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó dá wa lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, a kéde pé kí gbogbo ọmọ ìjọ tó bá lágbára lọ forúkọ sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ sí inṣọ́ránsì. Kí a tó jáde dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Àwọn kan ní kò burú. Àwọn kan dúró lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń sọ pé, "Ṣé Dádì yìí kan náà kọ́ ló ní ká má sanwó fún àìsàn tí a ò ṣe?" Ẹnì kan tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ó ní ṣé ìgbàgbọ́ wa ti ń lọ sílẹ̀ ni.

Ìbéèrè gidi ni. A ò bínú. Òótọ́ ni, àwa la sọ ọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó dá àjọ NHIA sílẹ̀, òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn náà dé, àwa la dúró lórí pẹpẹ tí a fi í ṣe àwàdà. A ní ẹni tó bá ń san owó àìsàn sílẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà ìpè sí àìsàn ni. A ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ni inṣọ́ránsì tiwa. Gbogbo ìjọ hó yèè, onídùùrù dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu wa, ó dùn létí yín.

Arábìnrin kan wà láàárín ìjọ lọ́jọ́ náà, ẹja dídì ló ń tà l'Ọ́jà Tìmì. A ò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ká sọ ìtàn yìí. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, àwọn kan wá bá ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa, wọ́n ní ká máa san iye kan lọ́dọọdún, pé bí ara wa ò bá yá, a ó rí ìtọ́jú gbà. Ṣé kí n ṣe é?"

A rẹ́rìn-ín. A ní, "Ìyá, ẹ fi owó yẹn ra ẹja kún ẹja."

Ó ní, "Ẹ ṣé o, Dádì." Ó dìde, ó lọ.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n ra oògùn fún un ní kẹ́míìsì. Wọ́n ní bóyá ẹ̀wà tó jẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé e wá sí ilé wa. A gbàdúrà. Màmá Ìjọ fọwọ́ kan ikùn ọmọ náà, ikùn le bíi pákó. Ó wò wá lójú, ó ní, "Àdúrà ti gòkè lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí báyìí."

A gbé e lọ. Dókítà ní apẹ́ńdíìsì ni, iṣẹ́ abẹ kíákíá ló kù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká kọ́kọ́ san owó kan sílẹ̀. A ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, kò sì ní ṣe yín láǹfààní, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni. A tú àpò wa. Ìyá ọmọ tú ìdí aṣọ rẹ̀. A pe àwọn díákónì. Àwọn kan ti sùn, fóònù àwọn kan ti kú. Àwọn oní-POS ti palẹ̀ mọ́. A pe ọmọ wa tó wà ní Birmingham, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó fi ìwọ̀nba tó ní ránṣẹ́. Nígbà tí owó yóò fi pé, aago mẹ́rin ìdájí ti lù. Nígbà tí wọ́n là á, ohun náà ti bẹ́ sínú.

Ọmọ náà yè. Ògo ni f'Ọ́lọ́run. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, owó tí wọ́n sì gbà lé díẹ̀ ní ₦400,000. Arábìnrin yìí ta fírísà méjèèjì tó fi ń ṣòwò. Ó yá owó èlé tí wọ́n ń wá gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń bá ẹlòmíì ta ẹja lábẹ́ agbòòrùn.

Ọjọ́ tí wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀, ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́. Bó ṣe ń dìde, ó rọra sọ ọ́, kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá: "Dádì, mo bi yín léèrè nígbà yẹn."

Ẹ̀yin ará, a ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ọlọ́run dáhùn àdúrà, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà tí ọmọ fi ń jẹ̀rora lórí àga gígùn, tí a ń wá owó kiri, Ọlọ́run kọ́ ló ni ìyẹn. Àwa la ni ín, àwa àti àwàdà wa.

Látìgbà náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, tí a ń kà, tí a ń lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ ká lọ kí a tó ṣàwàdà. Ohun tí a rí rèé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1999 ni Nàìjíríà ti ní òfin adójútòfò ìlera, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà Ààrẹ Obasanjo. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Bíríkìlà, télọ̀, alágbàtà, ọlọ́kadà, wọn ò sí nínú rẹ̀. Òfin 2022 ló ní kí gbogbo wa wọlé: ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, gbogbo ará ìlú. Ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀, Ọ̀ṣun náà sì ní. Ó tún ní kí owó kan wà lọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lè san: aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àgbàlagbà, aláàbọ̀ ara, àti tálákà paraku.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé àjọ ni. Kì í ṣe àjọ o! Lọ́dọ̀ alájọ, owó tí ẹ dá lẹ máa kó, alájọ á mú ti ọjọ́ kan. Èésú náà, bó pẹ́ bó yá, ó máa kàn yín. Ṣùgbọ́n nínú ètò yìí, ẹni tí ara rẹ̀ le láti January dé December ò ní kó kọ́bọ̀. Owó rẹ̀ ti lọ sórí ẹlòmíì. Ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú nìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó. Ṣebí a ní ẹgbẹ́? Bí bàbá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá kú, ṣebí gbogbo ẹgbẹ́ ló ń dáwó? Ẹni tí bàbá tirẹ̀ ṣì wà láàyè, ṣé ó máa ń ní kí wọ́n dá owó òun padà torí pé bàbá òun ò kú? Rárá o. Ọpẹ́ ló ń dá. A mọ bí a ṣe ń dáwó jọ fún òkú, a ń ra aṣọ, a ń pa màlúù. Ẹni tí inú ń run, tí ₦100,000 lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, òun la ń sọ fún pé kó ní ìgbàgbọ́. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ikú là ń náwó lé lórí.

Ìdí tí wọ́n sì fi ní dandan ni pé bó bá jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá nìkan ló ń san, àpò á gbẹ kí oṣù kejì tó parí. Àwa èèyàn la mọ ara wa: ìgbà tí wọ́n bá ti fi omi sí wa lọ́wọ́ la máa ń wá fọ́ọ̀mù. Àfi kí ẹni tó le kókó wà níbẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn. Jámánì ti rí ìyẹn láti ọdún 1883, wọ́n fi òfin mú un fún àwọn òṣìṣẹ́. Ghana tó wà nítòsí wa ṣòfin tiwọn lọ́dún 2003, wọ́n sì fi ìdá kan sórí owó ọjà tí gbogbo èèyàn ń rà, kó má baà jẹ́ orí tálákà nìkan ni ẹrù wà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín lọ kàwé ní ìlú ọba, ẹ tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò kàn fiyè sí i ni. Láti oṣù kejì ọdún 2024, kí wọ́n tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní fisà, ó máa san £776 sílẹ̀ fún ìlera ọdún kan. Ọ̀pọ̀ àgbà tó gba ọ̀nà mìíràn lọ ń san £1,035. Wọn ò tíì wọ bàlúù, wọn ò tíì sín, owó àìsàn ti lọ. Ta ló ní wọn ò nígbàgbọ́? Àwa la tún ń ṣe ìdúpẹ́ fisà náà níwájú pẹpẹ!

Ó dáa. Ẹ má rò pé a ti gba iṣẹ́ polówó-polówó lọ́wọ́ ìjọba. Inú wa jẹ́ méjì, a sì fẹ́ kí ẹ mọ ìkejì náà.

Ọmọ ìjọ wa kan wà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Ó dé ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, wọ́n ní kí àwọn oníkáàdì lọ jókòó lọ́hùn-ún. Àwọn tó mú owó lọ́wọ́ ń kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà tó kàn án, oògùn mẹ́rin ni dókítà kọ, méjì ni wọ́n ní, wọ́n ní kó lọ ra ìyókù níta. Ó wá sọ fún wa, a rò pé ó ń ṣàsọdùn. Ìgbà kejì, a tẹ̀lé e lọ. Ẹ̀yin ará, bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Inú bí wa débi pé a fẹ́ gbàgbé pé pásítọ̀ ni wá.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ dáadáa, ló fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Iye tí wọ́n ń san fún wa lórí yín ò tó nǹkan." A lọ wádìí rẹ̀. Òótọ́ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦750 ni ètò ìjọba àpapọ̀ ń san fún ilé ìwòsàn lórí ẹnì kan lóṣù kan. Ọdún 2025 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà, kín ni ₦750 ń rà l'Ọ́jà Tìmì lónìí? Ṣé òun ni yóò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí yóò san owó nọ́ọ̀sì, tí yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Ebi ń pa ilé ìwòsàn náà, aláìsàn ló ń gba ìyà rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, kò rọrùn. Ilé ìwé kékeré tí ìjọ ní, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Òfin kàn wá. Akápò ìjọ ṣí ìwé rẹ̀, ó ní láti oṣù keje ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ṣé a ti ń san án pé? A dákẹ́. Ó ní nígbà tí a ò tíì kápá ìyẹn, ibo la ti fẹ́ rí owó ìlera?

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe mẹkáníìkì ní, "Dádì, owó òòjọ́ ni mò ń jẹ. Bí wọ́n bá ní dandan ni, kí wọ́n wá mú mi." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹni tí kò rí ₦2,000 mú délé lálẹ́, dandan wo lẹ fẹ́ fi lé e lórí?

Bàbá àgbà inú ìgbìmọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló sọ èyí tó wọ̀ wá lákínyẹmí ara. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ Àgbẹ́kọ̀yà, ọdún 1968 sí 1969. Àgbẹ̀ ò sọ pé òun ò ní san owó orí láé. Ohun tí àgbẹ̀ sọ ni pé owó tí ẹ ń gbà ti pọ̀ jù, èmi ò sì rí ọ̀nà, èmi ò rí omi. Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn sanwó, ẹ jẹ́ kó rí i."

Ẹnu wa wọhò. Bàbá ló jàre. Ẹni tó bá ní dandan ni kí n sanwó, dandan ni kí òun náà tọ́jú mi. Ìdajì dandan kò sí.

Kín ló wá mú wa fara mọ́ ọn síbẹ̀síbẹ̀? Ìtàn méjì ni.

Àkọ́kọ́, ìtàn ìlú wa. Ṣebí a mọ̀ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló fi Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná sí Ẹdẹ yìí, kó lè máa ṣọ́ ọ̀nà nítorí àwọn tó ń kó àwọn oníṣòwò lẹ́rù. Ọjọ́ tí olè ò bá wá, ọlọ́fà á jẹun síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní, "Olè ò wá lóṣù yìí, ẹ dá oúnjẹ padà." Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí olè dé ni wọ́n ń wá ọlọ́fà kiri, bóyá ìlú yìí ì bá má sí. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ìkejì, ìtàn ará Samáríà tí Olúwa wa sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti wàásù rẹ̀, àṣé a ò gbọ́ ọ. Ọkùnrin yẹn di ọgbẹ́ aláìsàn, ó gbé e dé ilé èrò, ó san dínárì méjì sílẹ̀, ó tún ní bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun á san ìyókù. Owó ti wà lọ́wọ́ onílé èrò. Kò sẹ́ni tó ń pe díákónì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ta ló sì ti kọ́kọ́ kọjá lára ọkùnrin náà? Àlùfáà ni. Nígbà tí a dé ibẹ̀ nínú Bíbélì, a pa á dé. A mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ fi ẹnu kò lé lórí nìyí. Owó tí a ti ń kó jọ láti ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè tuntun, a dá a dúró. Èyí tó ń hàn gooro tẹ́lẹ̀ ṣì ń gbé ohùn. Ìjọ yóò san ti òṣìṣẹ́ méjèèjìlá, àti ti opó méje tí a mọ̀ pé wọn ò ní. Bí orúkọ àwọn opó yẹn bá wọ inú ètò aláìní ti ìjọba, a ó fi owó wọn san ti ẹlòmíì. A ti yan èèyàn méjì tí yóò máa bá ọmọ ìjọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ní kò sí oògùn, wọn yóò kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀, a ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó yẹ. Bí wọn ò bá dáhùn, a ó fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹni tó bá sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Àgbẹ́kọ̀yà wa sọ nìyẹn, lẹ́tà ni tiwa kàn jẹ́.

Àpò ìrànwọ́ ìjọ ò ní kú o, torí ètò yìí kì í gba gbogbo àìsàn. Òróró ìyàsímímọ́ náà ṣì wà níbi tó wà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ máa bọ̀, a ó gbàdúrà fún aláìsàn, a ò ní dín in kù. Ẹni tó bá sì wá fún àdúrà, a ó bi í léèrè bóyá ó ti rí dókítà.

Àwọn tó ń béèrè pé ṣé a ti dàmú, èsì wa rèé: a ò dàmú. A ṣe àṣìṣe lórí pẹpẹ lọ́dún 2022, ẹnì kan san gbèsè àṣìṣe náà fún wa, títí di bí a ti ń wí yìí ó ṣì ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí a sọ níbi tí gbogbo yín ti gbọ́, níbi tí gbogbo yín ti ń gbọ́ náà la ti ń kó o jẹ. Ẹ forí jì wá.

Ó ku kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìkéde yẹn, arábìnrin ẹlẹ́ja yìí ló kọ́kọ́ dé. Ó mú nọ́mbà NIN rẹ̀ àti ti ọmọ náà dání, owó wà ní ìdí aṣọ rẹ̀. A ní kó fi owó náà pamọ́, pé ìjọ á san án. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹ fi ìyẹn ṣe ti àwọn ìyá opó, Dádì. Tèmi, ẹ jẹ́ kí n san án." Ó wá wo Màmá Ìjọ, ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi orúkọ tiyín sílẹ̀?"

A wo ara wa. A ò tíì fi sílẹ̀. A ti sọ ọ́ lórí pẹpẹ, a ti bá ìgbìmọ̀ jà lé e lórí, orúkọ tiwa ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́rú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Wọ́n ya fọ́tò wa. Màmá Ìjọ ní ojú wa burú nínú tiwa.

Kí Olúwa má jẹ́ ká ṣàìsàn tí owó wa ò ká. Kí owó tí a bá san má di èyí tí ẹnikẹ́ni yóò jẹ gbé. Kí a sì san án lọ́dọọdún láì ní lò ó rárá, kí ó jẹ́ pé aláìsàn míì ló jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, kí àmín rẹ̀ ròkè. Bí ẹ bá ní ìrírí tiyín, ìbáà jẹ́ rere tàbí búburú, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. A ó kà á tán.

Àlàáfíà fún ilé yín.